Irú ẹ̀jẹ̀ èmi àti ọkọ mi bára mu, kí ló dé tí ara mi yóò fi kọ kíndìnrín rẹ̀?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi là á yé ara mi. Kíndìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi. Ọkọ mi yọ̀ǹda láti fún mi ní ọ̀kan nínú tirẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ wa sì bára mu, nítorí náà a rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àfi bí yàrá àyẹ̀wò ṣe sọ pé áńtíbọ́dì, ìyẹn ọmọ ogun ara, tí yóò gbógun ti kíndìnrín rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, àti pé cPRA mi jẹ́ ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún. N kò gba kíndìnrín ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún un, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn. Níbo ni áńtíbọ́dì náà ti wá? Àbí àyẹ̀wò ló ṣàṣìṣe?

Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò:
Ẹ kú ìfaradà, Mà. Àwọn oyún yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí. Irú ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni ara fi ń dá àlejò mọ̀. Àwọn àmì tí à ń pè ní HLA wà lára sẹ́ẹ̀lì wa, a sì ń jogún ìdajì wọn lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Ọmọ inú gbé àmì bàbá rẹ̀ dání, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì máa ń dàpọ̀ díẹ̀díẹ̀ mọ́ ti ìyá, pàápàá lásìkò ìbímọ, nítorí náà ara yín ti pàdé àmì ọkọ yín lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti pèsè ọmọ ogun dè é. Ní 1958, inú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ti lóyún ni Rose Payne àti Jon van Rood, tí oníkálukú ń ṣe ìwádìí tirẹ̀, ti rí irú áńtíbọ́dì bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi rárá. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí yín lára náà lè dá kún un. Ní ti cPRA ìdá 82 yẹn, ohun tó ń sọ ni pé bí a bá kó ọgọ́rùn-ún olùfúnni jọ, nǹkan bí 82 nínú wọn ni yóò ní àmì tí áńtíbọ́dì yín lòdì sí.

Dókítà kíndìnrín:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti àṣìṣe. Nínú àyẹ̀wò tí à ń pè ní crossmatch, wọ́n ń po omi ẹ̀jẹ̀ yín mọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun ọkọ yín láti wò ó bóyá áńtíbọ́dì yóò so mọ́ ọn tàbí kí ó pa á. Ní 1969, Patel àti Terasaki fi hàn pé nínú 30 kíndìnrín tí wọ́n fi sára ẹni tí àyẹ̀wò yìí ti kìlọ̀ fún, 24 ló kọṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 8 péré ni nínú 195 tí àyẹ̀wò kò rí nǹkan kan sí. Àyẹ̀wò kejì jẹ́ ti ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tí wọ́n lẹ àmì HLA kan ṣoṣo mọ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Òun ló ń sọ àmì tí áńtíbọ́dì ń wá gan-an, òun ni wọ́n sì fi ṣírò cPRA yín. Ìlẹ̀kẹ̀ lè tan ni jẹ o. Nígbà mìíràn, àmì ara rẹ̀ ti yí ìrísí padà nígbà tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, áńtíbọ́dì tí kò lè ṣe ẹ̀yà ara kankan ní jàǹbá á sì so mọ́ ọn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, áńtíbọ́dì pọ̀ débi pé àwọn èròjà mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, èsì á wá dà bí ẹni pé ó kéré, àfi bí wọ́n bá bu omi là á kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí crossmatch àti ìlẹ̀kẹ̀ bá jọ tọ́ka sí àmì ọkọ yín kan náà, n kò ní pè é ní àṣìṣe.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn méjèèjì ló tọ́ka sí i. Ṣé ọ̀nà ti dí nìyẹn?

Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò:
Kò dí, Mà. Ẹ béèrè bóyá ilé ìwòsàn yín ń ṣe pàṣípààrọ̀, níbi tí ọkọ yín yóò ti fún ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ lè gba tirẹ̀, tí olùfúnni onítọ̀hún yóò sì fún yín. Bí wọ́n bá tún fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára, ẹ tètè sọ fún yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ tuntun ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, torí áńtíbọ́dì tuntun kì í yọjú lọ́jọ́ kan náà.