Kí ni kí n máa wò lára àbẹ́là olóòórùn dídùn kí n tó rà á?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ràn kí n máa tan àbẹ́là olóòórùn dídùn sí pálọ̀, àmọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí gbàrọgùdù. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, tí mo bá ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo imú. Kí n wá ṣáná sí i báyìí, òórùn ò ní dé ìdí àga tí mo jókòó sí. Àárín nìkan ló ń yọ́, ó ti gbẹ́ kòtò yí òwú ká, ìda etí ife ṣì wà bó ṣe wà. Ẹnu ife náà ti dúdú.

Mo máa ń gé òwú kù sí bíi mìlímítà 5, mi ò sì kì í tètè pa á. Ṣé òwú ló tín-ín-rín jù fún ife yẹn ni? Àwọn kan ní kí n yé ra ti paraffin, ìyẹn ìda tí wọ́n ń rí látinú epo rọ̀bì, kí n wá ti ẹ̀wà sóyà tàbí ìda oyin. Ìyẹn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí létí, torí wọ́n máa ń po ìda pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí lẹ máa ń yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó?