Kí ló dé tí wọ́n ń pe afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ní "àádọ́ta"?

Arìnyíká: Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹnìkan tó ń gbé ní Káírò ló sọ fún mi pé khamsin ti dé, mo ní kí nìyẹn, ó ní afẹ́fẹ́ gbígbóná ni, pé "àádọ́ta" ni ìtumọ̀ ẹ̀ ní Lárúbáwá. Ṣé àádọ́ta ọjọ́ ló fi ń fẹ́ láìdúró ni? Mo tún ń rí sirocco àti ghibli, ṣé nǹkan kan náà ni gbogbo wọn?

Oníkéwú: Kì í fẹ́ láìdúró o. Àsìkò ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní nǹkan bí 50 ọjọ́, nígbà ìrúwé, tó bá fẹ́ lọ́jọ́ kan sí mélòó kan á sinmi, á tún padà. Ohun tó ń fà á ni pé ibi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ máa ń gba etí òkun Mẹditaréníà lọ sápá ìlà-oòrùn, òun ló wá ń fa ooru inú Sàhárà láti gúúsù wá. Ghibli, ti Líbíà nìyẹn, inú kíbúlà tá a mọ̀ yìí, apá ibi tí Mùsùlùmí ń kọjú sí kírun, lọ̀rọ̀ náà ti wá, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń ti apá kíbúlà wá, tíyẹn jẹ́ gúúsù fún wọn. Sirocco ní tiẹ̀, láti ara sharq ni, ìlà-oòrùn. Tó bá fi máa la òkun dé Ítálì ó ti fa omi mu, òjò tó bá bá a rìn á máa já erùpẹ̀ pupa sílẹ̀. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni samum, afẹ́fẹ́ gbígbóná míì nìyẹn, láti ara samm ni, ìyẹn oró, samum yìí sì wà nínú Kùránì, Súúrà At-Tur.

Ìyá Ìbejì: Oníkéwú, ẹ ṣeun gan-an. Khamsin bá mi ní Káírò rí, ojú ọ̀run pọ́n bí osùn lọ́sàn-án gangan, tí mo bá pa eyín pọ̀ iyanrìn ni, táwẹ́ẹ̀lì tútù tí mo fi dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, nígbà tílẹ̀ máa mọ́ ó ti gan, ó dà bí amọ̀.

Alákòóbẹ̀rẹ̀: Ẹ má gbàgbé haboob ti Sùdáànì, habba ni "ó fẹ́". Ìyẹn yàtọ̀ o, òjò tó ń sán àrá ló ń ti afẹ́fẹ́ tútù wálẹ̀, òun ló ń gbé eruku dìde bí ògiri.

Arìnyíká: Háà! Ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni Volkswagen fi sọ mọ́tò Scirocco lórúkọ, tí Maserati náà fi sọ Ghibli àti Khamsin. Ẹ ṣé o, ó yé mi wàyí.