Aláǹtakùn dúdú nínú àpótí Bàbá Bọ́mà: báwo ni ìlú tiyín ṣe ń rántí àwọn tó lọ sógun?

Ọmọ Igbómìnà, Kúbwà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá tó bí bàbá mi lọ ogun Hítílà, ní ilẹ̀ Bọ́mà (Burma, tí à ń pè ní Myanmar báyìí). "Bàbá Bọ́mà" ni wọ́n ń pè é ní abúlé wa lẹ́bàá Òmù-Àrán títí ó fi jáde láyé, débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí a lọ tún ilé ṣe ní oṣù Kejìlá, a bá àpótí pákó rẹ̀ nínú àjà. Ìràwọ̀ idẹ onígun mẹ́fà kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú pépà tí ikán ti jẹ dé ìdajì, àti aṣọ róbótó yẹ́lò tó ní aláǹtakùn dúdú lára. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé òògùn ogun ni. Wọ́n ti gbé kẹrosíìnì jáde láti sun ún. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi bẹ̀ wọ́n.

Àwọn márùn-ún ló lọ láti abúlé wa. Ìyá àgbà máa ń fi ìka kà wọ́n fún wa. Àwọn méjì ò padà wálé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdọọdún, níbí ní Àbújá, ààrẹ á gbé òdòdó sí National Arcade, wọ́n á fun kàkàkí, wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Èmi á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, àwọn márùn-ún náà ni yóò máa wá sí mi lọ́kàn. Kò sí ibì kankan tí orúkọ wọn wà nílé.

Mo sọ ọ́ nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pé ká kọ orúkọ wọn sára ògiri gbọ̀ngàn. Akápò ní bóòhóòlù ló kàn. N kò bá wọn jiyàn lórí omi, òǹgbẹ ń gbẹ àwọn èèyàn wa. Ṣùgbọ́n orúkọ márùn-ún kò lè gbọ́n kànga gbẹ.

Níbo ni mo ti lè rí orúkọ àwọn méjì tí kò padà yẹn? Báwo lẹ ṣe ṣe é nílùú tiyín?

Ọmọ Sójà, Kàdúná

Ọlọ́run ló ní kí wọ́n má sun ún! Kì í ṣe òògùn rárá. Àmì Dìfíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943, ni aláǹtakùn yẹn. Ànáńsè inú àlọ́ àwọn ará Gáná ni wọ́n yà (ìjàpá tiwọn nìyẹn). Àwọn Dìfíṣọ̀n 82 ní tiwọn, ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn ni. Púpọ̀ nínú àwọn aláǹtakùn jà ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà ní 1944, àwọn mìíràn sì bá àwọn Chindit (àwọn ọmọ ogun tó ń jà lẹ́yìn ìlà ọ̀tá) wọ igbó lọ. Ní Kaladan, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù ogun. Ọkọ̀ òfúrufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Ìràwọ̀ yẹn ni Burma Star. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í kọ orúkọ ológun sí i lára, nítorí náà pépà tí ikán jẹ yẹn ni kí ẹ tọ́jú jù. Ẹ wá nọ́ńbà ológun rẹ̀, èyí tó bá fi NA bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àwọn tó kú, ẹ lọ sórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn tó kú sógun. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó kú láti 1939 títí dé ìparí 1947 wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ìlú ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe orúkọ ìkejì fún àwọn ọmọ ogun Àríwá (Àríwá ni wọ́n ka Ìlọrin sí nígbà náà). Bí ẹ bá ń wá orúkọ bàbá wọn, ẹ lè má rí nǹkan kan. Ẹ wá Ilorin, ẹ wá Offa, ẹ wá Omu, kí ẹ sì yí sípẹ́lì padà lóríṣiríṣi. Bí wọn ò bá ní sàréè, ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà lára òpó Rangoon Memorial ní Taukkyan ní Bọ́mà, níbi tí orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 wà.

Ìwé àtijọ́ ti Ilorin Province sì wà ní National Archives ní Kàdúná níbí. Ẹ má lọ fi owó ọkọ̀ ṣòfò dé Ìbàdàn.

Ìyá Kábà, Lọ́kọ́ja

Òkúta ìrántí ogun àgbáyé wà níbí, mo máa ń gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá. Nílé tiwa ní Kábà, agboolé kan wà tí à ń pè ní Ilé Sójà. Mo bi àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá pé sójà wo. Wọn ò mọ̀. Ó dùn mí wọra.

Ẹ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ kí ẹ tó ra mábù. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ni ìbọn bà ní Kaladan ní 1944. Mùsùlùmí àgbẹ̀ kan níbẹ̀ ló gbé e pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bàbá Fadoyebo fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn yẹn sílẹ̀ kó tó kú ní 2012, òun la fi mọ̀ ọ́n lónìí.

Ajagunfẹ̀yìntì, Nyanya

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ogun Biafra ni èmi jà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo wọṣẹ́. Ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní tí o sọ yẹn, ọjọ́ tí ogun tiwa parí ní 1970 ni. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Àwa méje la lọ láti ìlú wa. Àwa mẹ́ta la kù. Bí mo bá délé, wọ́n á béèrè owó ọdún ìlú lọ́wọ́ mi, n ó sì san án. Kò sí ẹni tó béèrè rí pé àwọn mẹ́rin yòókù dà. Bí ẹ bá ń kọ orúkọ àwọn ti Bọ́mà, ẹ kọ tiwa náà, nígbà tí ojú wa ṣì lè kà á.

Ọmọ Igbómìnà, Kúbwà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo pépà náà lálẹ́ àná. NA wà níbẹ̀ lóòótọ́, nọ́ńbà mẹ́ta tẹ̀ lé e, ikán ti jẹ èyí tó kù. Omu ni wọ́n kọ síbi orúkọ bàbá rẹ̀. Èmi ti ń wá orúkọ ìdílé àwọn méjì yẹn lórí ìkànnì láti ọjọ́ yìí!

Bàbá Nyanya, ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ máa wà nílé ní Sátidé? Mo máa mú ìwé àti fóònù wá. Orúkọ àwọn mẹ́rin yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà fún mi.