Èrò mi lórí “àgbélébùú ẹbọ” àti “ọgbà òkú”

Ẹ̀yin ará,

Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú mi dábàá pé, lédè Yorùbá, kí a máa pe àgbélébùú olókùúta tí àwọn ìlú Gẹ̀ẹ́sì gbé dúró lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ní “àgbélébùú ẹbọ”, kí a sì máa pe ọgbà tó yí i ká ní “ọgbà òkú”. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, n kò sì lè fọwọ́ sí ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlú York ṣe àpẹẹrẹ. Edwin Lutyens, ayàwòrán ilé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló ya àwòrán rẹ̀, ọdún 1925 ni wọ́n ṣí i, ó sì wà nínú ọgbà kan láàárín odi ìlú àtijọ́ àti odò Ouse. Kò sí òkú kankan lábẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 1915 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ka gbígbé òkú ọmọ ogun wálé léèwọ̀, nítorí náà ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sójú ogun Somme ní ilẹ̀ Faransé kò ní ibojì nítòsí tí yóò máa lọ tún ṣe. Òkúta àárín ìlú ló wá dípò rẹ̀. Àwọn baba wa mọ irú ìṣòro yìí: bí jagunjagun bá kú sọ́nà jíjìn, wọn a gé irun àti èékánná rẹ̀, wọn a gbé e wálé, wọn a sì sin ín bí ẹni pé òun gan-an ni. Ní York, èékánná pàápàá kò sí níbẹ̀. Báwo ni a ó ṣe wá pe ibẹ̀ ní ọgbà òkú?

Ti “ẹbọ” ló gba àròjinlẹ̀ jù. Àgbélébùú tí Reginald Blomfield, ayàwòrán ilé Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ṣe fún àwọn ibi ìsìnkú ọmọ ogun, èyí tí wọ́n kan idà onídẹ mọ́ lára pẹ̀lú ojú idà nísàlẹ̀, ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà, “Cross of Sacrifice”, ti wá. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ níbẹ̀ ni pé ẹnìkan fi ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n lédè wa, ẹbọ ní ẹni tó rú u, ó ní ẹni tí a rú u sí, ó sì ní ohun tí a fi rú u. Yorùbá tó bá ka “àgbélébùú ẹbọ” yóò béèrè pé ta ló kó àwọn ọmọkùnrin náà rúbọ. (Àwọn kan yóò ní ìbéèrè gidi nìyẹn, n kò sì bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n orúkọ òkúta kọ́ ni ibi tí a ti ń dá ẹjọ́ yẹn.) Bí a bá fẹ́ túmọ̀ orúkọ ti Blomfield nìkan, “Àgbélébùú Ìfara-ẹni-jìn” tó.

“Àgbélébùú” fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù. Apá ti York kúrú, ó sì sún mọ́ òkè tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rò láti òkèèrè pé òpó lásán ni, síbẹ̀ ohun tí a gbé lé ìbú ṣì ni.

“Ìrántí ogun” ńkọ́, tí àwọn kan ti ń lò? Ta ló fẹ́ rántí ogun? Àwọn tí ogun pa ni a ń rántí. Nítorí náà, “òkúta ìrántí àwọn tó kú sójú ogun” ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ gùn. Bí ó bá gùn jù, àwọn aráàlú ni yóò gé e kúrú: àwọn ará Èkó kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan kí wọ́n tó sọ ère ológun tó wà ní Ìdúmọ̀tà nígbà kan rí ní Ṣọ́jà Ìdúmọ̀tà.

Ó ku ọgbà. A ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọgbà ẹranko àti ọgbà ilé-ìwé, nítorí náà “ọgbà” nìkan kò sọ pé òdòdó wà níbẹ̀. “Ọgbà ìrántí” ni mo mú, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ń lò ó ní Nàìjíríà kíyè sára, nítorí àwọn tó ń ta ilẹ̀ ìsìnkú fún olówó ti ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ polówó ọjà wọn, èyí sì lè mú kí àwọn ènìyàn tún rò pé òkú wà níbẹ̀.