Iná ọ́ìlì ń tàn bí Corolla mi bá ti gbóná: kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Àkànbí_Corolla
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 ni mò ń wà n'Íbàdàn, ẹ́ńjìnnì 1ZZ, ó ti rin 210,000 kìlómítà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí iná pupa kan, èyí tó dà bíi búútà tó ń kán, ti ń ṣẹ́jú sí mi lójú dáṣíbọọ̀dù. Láàárọ̀ kì í tàn. Tí mo bá ń bọ̀ láti Challenge lọ́sàn-án, tí mo kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dùgbẹ̀, tí mo tẹ bíréèkì dúró, ìgbà yẹn ló máa bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá tẹsẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, iná náà á kú.

Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnnì ti kú tán, kí n lọ wá owó tokunbo mìíràn. Rẹwaya tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni, sẹ́nsọ̀ (ohun tó ń tan iná yẹn bí agbára ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀) lásán ni. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí owó ilé ìwé ọmọ tó wọ inú mọ́tò.

Baba_Ìbejì
Àbúrò, fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ ná, kí o fa dípústíìkì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ. Gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, pa á, dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ́ìlì tó wà lókè lè ṣàn wálẹ̀. Fà á yọ, nù ún, tì í bọ̀ ọ́, tún fà á yọ. 1ZZ yẹn, alájẹkì ni. Ríìngì wọn kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì, o ò sì ní rí ẹ̀kán kan nílẹ̀. Tí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀ jù, bí o bá tẹ bíréèkì báyìí, èyí tó kù á sá síwájú, ẹnu pọ́ńpù á máa fa atẹ́gùn. Gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ń rùn bí pẹtiróò, pẹtiróò ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, ó ti di omi.

Àkànbí_Corolla
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti wò ó. Ó wà láàárín ihò méjèèjì, ó tiẹ̀ súnmọ́ tòkè. Kò rùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni a ṣe sáfíìsì. Ọjọ́ yẹn náà ni mẹkáníìkì tú sọ́mpù, agbada ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ní ó ń jò, ó wá lẹ̀ ẹ́ padà.

Ọ̀gbẹ́ni_Wáyà
Èmi rẹwaya ni, n kò sì ní sọ pé sẹ́nsọ̀ ni títí màá fi rí i. Yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sítáàtì rẹ̀, iná gbọ́dọ̀ tàn. Wá yọ wáyà orí sẹ́nsọ̀, iná gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá kú, wáyà kan ti bó, ó ń fara kan irin níbì kan. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Gbọ̀ǹgbò
Da ọ́ìlì tó ki, 20W-50, sí i. Mo ṣe é rí, iná kú lọ́jọ́ náà.

Ìyá_Mẹkáníìkì
@Gbọ̀ǹgbò, iná lẹ pa, ẹ ò tíì mọ ohun tó tàn án. Ìwé ọkọ̀ yẹn 5W-30 ló kọ.

Àkànbí ọmọ mi, ọ̀rọ̀ sọ́mpù tí o sọ yẹn ló gbà mí létí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n tú u, ọ̀sẹ̀ méjì ni iná bẹ̀rẹ̀. Sọ́mpù ọkọ̀ yẹn, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ wa a sì máa tú gọ́ọ̀mù sí i bí ẹni ń da ọbẹ̀ sórí ìrẹsì. Èyí tó bá yọ síta, wọn á nù ún. Èyí tó yọ sínú ńkọ́? Á gbẹ, á já, á dí ẹnu asẹ́ tí pọ́ńpù fi ń fa ọ́ìlì.

Ṣùgbọ́n má tíì tú nǹkan kan. Wá géèjì tó ń wọn agbára tí ọ́ìlì fi ń tì, èyí tí wọ́n ń de mọ́ ihò sẹ́nsọ̀. Yọ sẹ́nsọ̀, de géèjì síbẹ̀, kí o kọ òǹkà mẹ́ta sílẹ̀: ti òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù, ti silóò (tí o kò tẹ ẹ́ rárá) lẹ́yìn tó ti gbóná dáadáa (pa AC, kí fáànù kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì), àti ti 3,000 lórí RPM, iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí Toyota kọ fún 1ZZ ni 4.3 PSI (òṣùwọ̀n agbára ọ́ìlì) ó kéré tán lórí silóò, àti 43 sí 78 ní 3,000. Wo bí ti silóò ṣe kéré tó. Bí géèjì bá sọ 15 tí iná sì ń tàn, sẹ́nsọ̀ tàbí wáyà ni, rẹwaya jàre. Bí silóò gbígbóná nìkan ló burú, tí 3,000 sì dára, ọ́ìlì ti ṣe omi jù tàbí bẹ́ríìnì ti jẹ gbòòrò. Bí 3,000 pàápàá kò bá gòkè, tàbí ó gòkè tó tún ń wálẹ̀ bí o ṣe dì í mú, asẹ́ ni kí o lọ wò, tàbí pọ́ńpù, tàbí fáàfù tó ń dá ọ́ìlì padà tó há ní ṣíṣí.

Kó tó dìgbà náà, wọ dánfó. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ nísàlẹ̀, owó ti yí padà.

Ará_Houston
Mo gbè é lẹ́yìn Ìyá lórí géèjì. Èmi ní tírọ́ọ̀kù V8 kan níbí, géèjì inú rẹ̀ já sí òdo lójijì lójú ọ̀nà. Wọ́n ti ń ka iye ẹ́ńjìnnì tuntun fún mi. Asẹ́ kékeré kan, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, ló wà lábẹ́ sẹ́nsọ̀, ìdọ̀tí ti dí i pa. Ọ́ìlì ń ṣàn dáadáa, sẹ́nsọ̀ ni kò rí i. Corolla kò ní irú asẹ́ yẹn o, kí ẹnikẹ́ni má lọ wá a.

Àkànbí_Corolla
Mo rí géèjì yá ní Gate. Ìyá, ẹ wò ó:
òwúrọ̀, silóò: 31
gbígbóná, silóò: 3
gbígbóná, 3,000: ó kan 24, mo dì í mú, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 18.
Kò sí ariwo kankan.

Ìyá_Mẹkáníìkì
Tú sọ́mpù. Kí o wà níbẹ̀.

Àkànbí_Corolla
Mo wà níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù pupa, gígùn bí ìfun adìẹ, mẹ́ta ni, wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú asẹ́ pẹ́típẹ́tí, ẹrẹ̀ dúdú sì dí èyí tó kù. Ojú ihò tó ṣí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin asẹ́ lọ. Mẹkáníìkì mi wò ó, ó wò mí, ó ní òun ń lọ mu omi.

Baba_Ìbejì
Ha! Omi yẹn á pẹ́ kó tó tán.

Ìyá_Mẹkáníìkì
Níwọ̀n ìgbà tó ti wà ní títú, di apá písítọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan mú nísàlẹ̀, tì í sókè, fà á wálẹ̀. Bó bá ń mì lọ́wọ́ rẹ, bẹ́ríìnì ti lọ. Gé fílítà àtijọ́ náà, tẹ́ bébà inú rẹ̀ sójú oòrùn. Bó bá ń dán wínníwínní, irin ni. Tí méjèèjì bá mọ́, fọ asẹ́, kí wọ́n ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátá, kí wọ́n fa ìlà tuntun tín-ín-rín kan bí okùn bàtà. Kó gbẹ dáadáa kí ọ́ìlì tó wọ̀ ọ́.

Àkànbí_Corolla
Kò mì lọ́wọ́, bébà kò dán. Èmi ni mo di ọwọ́ mẹkáníìkì mú lórí gọ́ọ̀mù.
Gbígbóná, silóò: 13.
3,000: 51, kò sì wálẹ̀.
Mo ti dá géèjì padà fún ẹni tó ni ín.