"Severally" nínú ìwé ilé: ṣé léraléra ni wọ́n máa gbowó lọ́wọ́ mi?

Àdùkẹ́, Coventry: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Àwa mẹ́rin la jọ fọwọ́ sí ìwé ilé kan. Ọ̀kan kó ẹrù lóru, ó ti lọ. Lánlọ́ọ̀dù wá kọ̀wé pé a jẹ́ "jointly and severally liable". Mo ti san tèmi pé! Ṣé "severally" yẹn ni pé á máa gbowó lọ́wọ́ mi léraléra?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Àbúrò, fara balẹ̀. Àwa là ń sọ nílé pé "I called you severally", tá a fi ń pe ọ̀pọ̀ ìgbà. Lẹ́nu àwọn tó ni èdè, "lọ́kọ̀ọ̀kan" ló jẹ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Onílé lè dógò ti ẹyọ ẹnì kan nínú yín títí yóò fi gba owó gbogbo ilé pé. Èmi àti àwọn méjì la jọ gbalé lọ́dún 2016. Mo rí ọ̀rọ̀ yẹn, mo kà á kọjá. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan, èkejì padà sílé. Èmi tó yẹ kí n san £450, £1,350 ni mo ń san, oṣù mẹ́ta gbáko.

Bàbá Ṣadé, London: Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. "Several" nínú òfin, kálukú á san ìpín tiẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ̀gbọ́n, tó bá dá dúró nìyẹn. "Jointly and", ìyẹn "lápapọ̀ àti", tó ṣáájú ẹ̀ ló yí i padà. Ohun tí mo rò nìyẹn náà, owó mi ló bá a lọ.

Bàbá Ṣadé, London: Kí wọ́n pín in sí mẹ́rin nígbà náà! Ìrẹ́jẹ ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, Manchester: Ìyá Ìbejì ló jàre, sà. Ìwé kan, gbèsè kan. Ká ní kálukú ló ní ìwé tiẹ̀ ni, ì bá yàtọ̀. Ẹni tó bá san ju ìpín ẹ̀ lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sá lọ, àmọ́ ìyẹn ò kan onílé. Council tax, owó ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, náà sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Àdùkẹ́, onídùúró rẹ ńkọ́? Wo ohun tó fọwọ́ sí, ó lè jẹ́ gbogbo owó ilé ló dúró fún. Pe Shelter tàbí Citizens Advice, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, kó o tó fèsì.

Àdùkẹ́, Coventry: Yéè! Bọ̀dá mi ní Luton ni!

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Glasgow: Ta ló ní "severally" tiwa ò dáa? Ṣebí a gbọ́ ara wa.

Títí, Birmingham: Ẹ gbọ́ ara yín ní Glasgow, àmọ́ ẹ má kọ ọ́ síṣẹ́. Mo kọ "I have severally reminded you" sí ọ̀gá mi, ó ní èmi àti ta ni. "Repeatedly" ni mo ń kọ báyìí.

Bàbá Ṣadé, London: £450 fún yàrá? Ní London, kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn o.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, Manchester: Ẹ máa bọ̀ ní Manchester, sà. Òjò nìkan la ní ju yín lọ.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Àárò ilé wa ní Mọ́kọ́lá sọ mí lónìí. Yàrá mẹ́jọ dojú kọra, kálukú pẹ̀lú gbèsè tiẹ̀. Tó o bá jẹ bàbá onílé lówó, ilẹ̀kùn tìẹ nìkan ló máa yọ. Tó bá sì dalẹ́, inú ìkòkò kan náà la ó ti jọ jẹ àmàlà.

Àdùkẹ́, Coventry: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wá kọ sí lánlọ́ọ̀dù?

Bàbá Ṣadé, London: Mọ́kọ́lá? Apá ibo ní Mọ́kọ́lá?