Kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ni kí ọmọ mi mú ní họ́lìdè yìí?

Ìyá Ìbejì (Houston):
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kẹ́hìndé mi ń parí kíláàsì kẹwàá, ọmọ ọdún 16, káńsẹ́lọ̀ wọn ní ó lè lọ ṣe kọ́ọ̀sì méjì ní community college ní sọ́mà yìí, dual credit, ìyẹn ni pé á kà fún un ní háísíkúù á tún kà ní yunifásítì. Dókítà ló fẹ́ dà. Mo wá ní kó kúkú mú Bàọ́lọ́jì àti Kẹ́místìrì kó ti bọ́ lọ́rùn ẹ̀, bàbá ẹ̀ ní kí n jẹ́ kọ́mọ sùn. Ṣebí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ má dán an wò mà! Ohun tí wọ́n ń fi ọ̀sẹ̀ 16 kọ́ ni wọ́n máa kì bọ inú márùn-ún yẹn. Kọ́ọ̀sì kírẹ́díìtì mẹ́ta tó wákàtí 48, ẹ pín in láti Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè, ó ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́, a ò tíì ka lábù, a ò tíì ka iṣẹ́ àṣetiléwá. Àbúrò mi ṣe Kẹ́místìrì bẹ́ẹ̀, Mọ́ńdè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, Tọ́sìdeè ni tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, ìwé tó rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò tíì dé. C ló fi parí ẹ̀.

Bàbá Katy:
C yẹn gan-an ni wàhálà. Tó bá ń wá medical school lọ́jọ́ iwájú, AMCAS, àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ medical school, máa béèrè transcript, ìyẹn ìwé èsì, gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti lọ rí, títí kan ti ìgbà tó wà ní háísíkúù, wọ́n á sì kà á mọ́ GPA ẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì ẹ̀. Kó mú GOVT 2305 (Government) tàbí ENGL 1301 (Gẹ̀ẹ́sì), ẹyọ kan, core ni wọ́n, ìyẹn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ tó jẹ́ dandan, àwọn yunifásítì ìjọba Texas ló ń gbà á.

Ìyá Ìbejì:
Ha! Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Tó bá wá jẹ́ Howard, yunifásítì aládàáni ní Washington, ló fẹ́ lọ ńkọ́?

Bàbá Katy:
Ti ìpínlẹ̀ míì àti ti aládàáni, kálukú ló lófin tiẹ̀. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Èmi ṣe Government yẹn lọ́dún tí mo wà ní kíláàsì kọkànlá, kíkà ló pọ̀, kò le. Tí ò bá bá a lára mu, kó tètè yọ orúkọ ẹ̀ kí ọjọ́ kẹrin kíláàsì tó kọjá, lẹ́yìn ìyẹn W, àmì pé ó fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀, ló máa wà lórí transcript. Ẹ sì jọ̀ọ́ mà, ẹ má pe olùkọ́ ẹ̀ o 😂 òfin FERPA, ti àṣírí àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ní tọ́mọ bá ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ló láṣẹ lórí àkọsílẹ̀ ẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ 16. Mọ́mì mi pe tèmi, ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ gbà pé òun mọ̀ mí rí.

Ìyá Ìbejì:
Ó ti yé mi, Government nìkan. Bàbá wọn ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi níbí. Táíwò náà ní òun fẹ́ ṣe é, èyí tí kì í jí kó tó di agogo 12 ọ̀sán!